Eyín Irin Kì Í Jẹrà, Kí Ló Wá Ń Rùn?

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Àkọ́bí mi,

Mo kí ẹ, mo kí ọkọ ẹ, mo kí ọmọ mi kékeré tí kò mọ̀ mí mọ́. Ara mi le láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀. Láti ọrùn sókè ni mo fẹ́ bá ẹ sọ.

Má pè mí lórí fóònù nítorí lẹ́tà yìí o. Oníbàárà kì í tán nínú ṣọ́ọ̀bù, fóònù mi sì ń pariwo bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Gbogbo ohun tó o bá sọ ni wọ́n á gbọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, tí mo bá ń bínú lórí fóònù, káàdì á tán kí n tó dé ibi tí mò ń lọ. Nínú lẹ́tà, mo lè bínú tán.

Eyín tí ẹ fi sí mi lẹ́nu lọ́dọ̀ yín lókè òkun lọ́hùn-ún ti ń rùn.

Bàbá ẹ ló kọ́kọ́ mọ̀. O mọ̀ pé bàbá ẹ ò lè sọ ọ̀rọ̀ gidi tààrà. Ó kàn gbé ìrọ̀rí ẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ní ibẹ̀ ni atẹ́gùn fèrèsé ti ń fẹ́ dáadáa. Mo gbà. Nígbà tó wá di pé tí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀, ògiri ló ń wò, mo ní, "Bàbá ọmọ mi, kí ló wà lára ògiri?" Ó ní kò sí. Mo ní, "Ṣé ẹnu mi ni?" Ó tún wo ògiri. Ọkùnrin tó ti ń bá mi jiyàn láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra, ọ̀rọ̀ ẹnu rírùn ni kò jiyàn.

Mo bá gbé dígí tí àwọn oníbàárà fi ń wo ẹ̀yìn aṣọ lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí oòrùn wà. Mo fi ìka gbé ètè òkè. Èrìgì tó wà lórí eyín mẹ́rin yẹn ti pọ́n, ó wú bí kọ́là aṣọ tí kò rí áyọ́ọ̀nù. Mo tẹ̀ ẹ́, ẹ̀jẹ̀ jáde. Mo tún tẹ̀ ẹ́, torí mo fẹ́ mọ ibi tó ń gbà jáde, ọyún tẹ̀ lé e. Kò dùn mí rárá. Ìyẹn gan-an ló ń yà mí lẹ́nu jù.

Eyín tèmi tó jẹrà nígbà yẹn, mo gbà, egungun ni, ó lè jẹrà. Èyí tí ẹ fi rọ́pò ẹ̀, irin àti tánganran ni. Irin kì í jẹrà. Tánganran kì í jẹrà. Kí ló wá ń rùn? Mo rò ó títí mo fi rán apá òsì aṣọ oníbàárà sí ọ̀tún.

Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé dókítà yín yẹn, ọlọ́wọ́ múlọ́múlọ́, ló gbàgbé nǹkan síbẹ̀. Lọ bá a. Má kí i púpọ̀. Ní kó sọ ohun tó gbàgbé sí mi lẹ́nu. Ní kó tún sọ ìdí tí etí ọ̀kan nínú eyín náà fi kán.

O mọ bí mo ṣe wà kí wọ́n tó fi eyín yẹn sí i. Ọwọ́ ni mo fi ń bo ẹnu rẹ́rìn-ín, tí àwọn èèyàn rò pé ojútì ló ń ṣe mí. Èmi, ojútì. Mi ò ní padà síbẹ̀ o.

Ìyá ẹ.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kejì

Màmá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ojú lọ́nà. Ta ló ní ọmọ yín kékeré ò mọ̀ yín? Ó ń tọ́ka sí fọ́tò yín, ó ń pè yín ní Màmá Eléyín Funfun.

Mi ò tíì lọ bá dókítà jà. Mo ní kí n kọ́kọ́ mọ ohun tí mo fẹ́ torí ẹ̀ jà. Ẹ mọ̀ pé ilé àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Láràárọ̀ la máa ń fọ eyín àtọwọ́dá wọn nínú ife, ife kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà yàrá, torí ó ti ṣẹlẹ̀ rí tí bàbá kan fi eyín ìyá kan jẹun, tó ní oúnjẹ ọjọ́ yẹn ló dùn jù láti ìgbà tí òun ti débẹ̀. Obìnrin kan wà tó máa ń wá tọ́jú ẹnu wọn, iṣẹ́ eyín fífọ̀ ló kọ́. Mo ka ìbéèrè yín fún un: irin ò jẹrà, kí ló ń rùn?

Ó ní òótọ́ lẹ sọ, irin ò jẹrà. Ẹran tó yí irin ká ló ń jẹrà. Mo ní kó ṣàlàyé kí n lè ṣàlàyé fún aránṣọ. Ó ní eyín àbínibí, èrìgì so mọ́ ọn bí aṣọ tí wọ́n rán mọ́ síìpù. Ṣùgbọ́n èèkàn irin tí wọ́n gbìn sínú egungun yín, èrìgì kàn gbá a mú lásán ni, bí rọ́bà ṣe ń gbá ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì mú. Ìdọ̀tí lè yọ́ wọlé. Tó bá wọlé, èrìgì á wú, á máa ṣẹ̀jẹ̀. Tẹ́nì kan ò bá tètè kó o kúrò, egungun tó di èèkàn mú á máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Kì í tètè dunni, torí èèkàn ò ní iṣan tó máa ké gbàmí. Ìdí nìyẹn tí ọyún fi ń jáde tí ara ò ta yín.

Ó wá ní, "Ìyá ẹ ńkọ́, ṣé ó ń lọ fún àyẹ̀wò?" Mo ní rárá. Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mo gbé egungun náà jẹ. Màmá, dókítà sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn: ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, títí ayé. Mo sọ fún yín. Dígí lẹ̀ ń wò. Mo ní, "Màmá, ṣé ẹ gbọ́?" Ẹ ní, "Mo gbọ́." Ẹ tún wo dígí.

Ẹ dá mi lóhùn o. Kí lẹ fi ń fọ abẹ́ eyín yẹn? Ṣé òwú eyín tí mò ń fi ránṣẹ́ pé kẹ́ ẹ máa fi fọ abẹ́ ẹ̀ ò tíì tán? Ẹ sì sọ òtítọ́: ṣé eyín yẹn náà lẹ fi ń já òwú ìránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù? Obìnrin yẹn ní tánganran ò fẹ́ irú ìyẹn, nọ́ọ̀tì tó dè é mọ́ èèkàn ò sì fẹ́ ẹ.

Ẹ wá dókítà eyín lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má dúró dè mí.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹta

Àkọ́bí mi, adájọ́ mi,

Mo kí gbogbo ilé. Mo ka lẹ́tà ẹ lẹ́ẹ̀mejì, kí n lè mọ̀ bóyá ọmọ mi ló kọ ọ́ àbí lọ́yà.

Mo rántí ọjọ́ tó ò ń sọ. Ọkùnrin yẹn la ẹnu, ó sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀, omi tó fún mi láti fi yọ ẹnu fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ nínú ife. Ìwọ wá yíjú sí mi, o ní, "Màmá, wọ́n ní kẹ́ ẹ máa fọ̀ ọ́ dáadáa, kẹ́ ẹ sì máa padà wá." Níbo ni ìyókù wọlẹ̀ sí? Àbí bí èdè wọn ṣe gùn tó nìyẹn? Tó o bá sì rí i pé dígí ni mò ń wò, ṣé kò yẹ kó o gba dígí lọ́wọ́ mi? Ẹni tó ti ń wá eyín láti ọdún mélòó, tó wá rí i, ṣé dókítà ló máa wò?

Ti òwú jíjá: bẹ́ẹ̀ ni, eyín yẹn ni mo fi ń já a. Kí lo fẹ́ kí n fi já a, orúnkún? Sísọ́ọ̀sì mọ ìgbà tí mo bá ń wá a, ìgbà yẹn ló máa ń lọ sùn sábẹ́ aṣọ.

Ti eyín fífọ̀, má dá mi lẹ́bi níbẹ̀ rárá, torí kò sẹ́ni tó ń fọ eyín tó mi. Mo ní abẹ́rẹ́ ńlá kan tó ti kú ẹnu, mo tẹ̀ ẹ́ bí ìwọ̀. Ojoojúmọ́ ni mo fi ń ki òwú bọ abẹ́ eyín yẹn, màá fà á síhìn-ín, màá fà á sọ́hùn-ún, títí ara á fi tù mí. Òwú tó ò ń fi ránṣẹ́ náà dára, o ṣé. Ó lágbára, ó ń yọ̀, kì í já. Bọ́tìnnì ni mo ń fi rán. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, kò sí oníbàárà kankan tó padà wá pé bọ́tìnnì òun já. Àwọn aránṣọ òdìkejì títì ti wá bi mí léèrè ohun tí mò ń lò. Mo ní kí wọ́n lọ bímọ sílẹ̀ òkèèrè.

Mo ti rí dókítà eyín. Ọmọdébìnrin ni, iwájú orí ẹ̀ ṣì ń dán. Yàrá ẹ̀ kéré, àga kan, iná kan, fèrèsé tó kọjú sí ògiri ilé ẹlòmíì. Ó tan iná sí mi lẹ́nu bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́ sínú kápẹ́ẹ̀tì. Ó mú irin tín-ínrín kan tó ní àmì lára bíi téèpù mi, ó ń kì í bọ ẹ̀gbẹ́ èèkàn.

Mo ní, "Kí lò ń wọ̀n?"

Ó ní, "Bí ihò yẹn ṣe jìn tó ni, Mà."

"Báwo ló ṣe jìn tó?"

"Ó jìn ju bó ṣe yẹ lọ, Mà."

"Ìwọ̀n ni mo bi ẹ́, ò ń fún mi ní ìwàásù."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ya fọ́tò egungun. Mo rí i. Èèkàn méjì bí ìṣó tí wọ́n kàn mọ́ pákó. Ti ọ̀tún dúró sán-ún. Ti òsì, egungun ti sá lẹ́bàá ẹ̀, bí iyẹ̀pẹ̀ tí ọ̀gbàrá kó lọ lẹ́sẹ̀ òpó. Mo ní kó fún mi ní fọ́tò náà, ó ní ti ọ́fíìsì àwọn ni. Mo ní ẹnu ta ló wà nínú ẹ̀? Ó fún mi ní ẹ̀dà kan.

Ohun tó sọ rèé. Ó lè jẹ́ pé wọ́n máa yọ èèkàn òsì. Tí wọ́n bá yọ ọ́, eyín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń bọ̀ wálẹ̀, torí wọ́n so pọ̀, èèkàn kan ò sì lè gbé wọn. Ó fẹ́ tú eyín náà kó wo abẹ́ ẹ̀ ná, àmọ́ kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ ò bá nọ́ọ̀tì mi mu. Oríṣiríṣi lèèkàn, ó ní, oníkálukú ló ní kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀. Ọjọ́ kẹwàá oṣù karùn-ún ló dá fún mi. Tí kò bá rí kọ́kọ́rọ́ títí dìgbà yẹn, ayùn ló máa fi gé e.

Torí náà, lọ bá ọlọ́wọ́ múlọ́múlọ́. Béèrè irú èèkàn tó gbìn sí mi. Kí o sì sọ fún mi: tí wọ́n bá ní àwọn máa yọ ọ́, ṣé kí n gbà?

Ìyá ẹ.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹrin

Màmá mi,

Ẹ kú ìfaradà. Mo pè yín, ẹ ní oníbàárà ń dán aṣọ wò, ẹ gé fóònù. Kò burú, mo kọ ọ́.

Ọlọ́wọ́ múlọ́múlọ́ ti fẹ̀yìn tì. Ẹlòmíì ló wà níbẹ̀, obìnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà sì ní àwọn kì í fi ọ̀rọ̀ aláìsàn lé ẹni tó ń kọjá lọ lọ́wọ́. Mo ní mi ò kọjá lọ, mo jókòó ni. Mo jókòó lóòótọ́. Wọ́n fọ ilẹ̀ yí ẹsẹ̀ mi ká. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í paná, dókítà tuntun jáde, ó wò mí, ó ní ṣé torí ìyá tó ń wo dígí ni. Màmá, àwòrán ẹ̀rín yín, tẹ̀yin ti dígí lọ́wọ́, ṣì wà lára ògiri wọn. Ó kọ irú èèkàn náà fún mi, ó sì fún mi ní kọ́kọ́rọ́ kan tí wọn ò lò mọ́. Ó wà nínú àpò lẹ́tà yìí. Kò ju abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ yín lọ. Ẹ má fi sáàárín abẹ́rẹ́ o, ẹ ò ní rí i mọ́ láyé.

Ọ̀rọ̀ kejì rèé. Mo ka lẹ́tà yín fún obìnrin tó ń tọ́jú ẹnu. Mo túmọ̀ gbogbo ẹ̀ láìfo nǹkan kan, kẹ́ ẹ má bàa ní mo tún gé e kúrú. Ó ń rẹ́rìn-ín ṣáá, títí mo fi dé ibi bọ́tìnnì. Ó ní, "Tó bá jẹ́ bọ́tìnnì ló ń fi òwú eyín rán, òwú wo ló wá ń kì bọ ẹnu?"

Màmá, òwú wo ni?

Ẹ má gbà kí wọ́n yọ èèkàn kankan kí wọ́n tó tú u wò. Ẹ fèsì kíá.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Màmá mi,

Ọjọ́ kẹwàá ti lọ. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo pe fóònù yín títí ó fi sú fóònù. Mo pe Bàbá.

Mo ní, "Bàbá, ṣé wọ́n ti tú u?"

Bàbá ní, "Wọ́n ti tú u."

"Kí ni wọ́n rí?"

"Ìyá ẹ ní kí n má sọ."

"Ṣé wọ́n yọ èèkàn?"

"Ó ní kí n má sọ ìyẹn náà."

Mo ní kí wọ́n fún yín ní fóònù. Mo gbọ́ ohùn yín lẹ́yìn Bàbá, ó ń fẹ́ fẹ̀ẹ̀ bí afẹ́fẹ́ tó gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Bàbá padà sórí fóònù, wọ́n ní, "Ìyá ẹ ní òun ò sí nílé."

Màmá, irú ìyà wo lẹ fi ń jẹ mí yìí? Ẹ̀yin lẹ ní inú lẹ́tà lèèyàn ti lè bínú tán. Ẹ wá bínú, kí n rí i. Níbi iṣẹ́, mi ò lè gbé ife eyín kankan báyìí kí ọkàn mi má sáré wá sílé. Tí wọ́n bá ti yọ ọ́, ẹ sọ. Kí eyín yẹn tó dé, Màmá mi lẹ ti ń jẹ́.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹjọ

Àkọ́bí mi,

Mo kí ẹ, mo kí ọkọ ẹ, mo kí ọmọ tó mọ̀ mí. Mo gba lẹ́tà ẹ méjèèjì, mo gba kọ́kọ́rọ́. Mi ò fèsì torí mi ò ní eyín iwájú. Má bi mí bóyá eyín ni mo fi ń kọ̀wé. Ẹni tó bá fẹ́ bínú dáadáa nílò eyín.

Ó ti tó àsìkò. Gbọ́ bó ṣe lọ.

Kọ́kọ́rọ́ wọ nọ́ọ̀tì bí ẹni tó dé ilé bàbá ẹ̀. Ti òsì tilẹ̀ ti tú dé ìdajì kí dókítà ọmọdébìnrin yẹn tó fọwọ́ kàn án. Ó ní òwú tí mò ń já ló ń mì ín. Ó gbé eyín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú abọ́. Òórùn tó jáde, èmi fúnra mi wo ògiri.

Ọmọ náà tẹjú mọ́ ọn. Ó ní, "Mà, kí nìyí?" Ó mú ẹ̀mú kékeré, ó fà. Ó ń bọ̀. Ó tún fà. Ó ṣì ń bọ̀. Òwú ni. Fọ́nrán òwú ló yí èèkàn òsì ká lábẹ́ èrìgì, bó ṣe ń yí bọ́bìnnì inú ẹ̀rọ ká. Mo gbé bọ́bìnnì sẹ́nu tí mò ń bá yín jà kiri. Ó ní ibi tí egungun ti kọ́kọ́ fà sẹ́yìn díẹ̀ ni ara èèkàn ti yọ síta, ara ẹ̀ sì rí ṣákaṣàka bí ẹnu ayùn. Gbogbo ìgbà tí mo bá fa òwú mi kọjá, ó ń gba díẹ̀ sílẹ̀ bí agbowó orí. Ìdọ̀tí wá fi òwú yẹn ṣe ilé, egungun tún ń sá sí i.

Ó tò wọ́n sórí tíṣù. Mo dìde jókòó, mo ní kó fi omi ṣàn wọ́n kí n rí i. Mo mọ gbogbo wọn. Dúdú: sòkòtò àwọn awakọ̀, ọdún yìí. Àwọ̀ wáìnì: aṣọ àwọn obìnrin ilé ìfowópamọ́, èyí tí wọ́n ní ó fún jù, tí kì í ṣe pé ó fún, àwọn ni wọ́n sanra. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, aláwọ̀ ewé, ó ti rà, àmọ́ mo mọ̀ ọ́n. Yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé ni. Ọmọ náà ní, "Mà, ẹ rò pé ó tó ìgbà wo tí èyí ti wà níbẹ̀?" Mo ní ọdún mẹ́ta. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ilé ìwé yẹn yí sí búlúù, mi ò tún ra àwọ̀ ewé yẹn mọ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Kò jiyàn.

Ó ha ara èèkàn, ó fọ ibẹ̀, ó wá rán èrìgì mi. Mo ní kó gbé dígí kí n wò ó. Ó ní wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní èmi ni mo ni ẹnu. Ó gbé e. Abẹ́rẹ́ ẹ̀ tẹ̀ bíi tèmi gẹ́lẹ́, ó ń ta kókó sí ojú rírán kọ̀ọ̀kan. Mo ní irú òwú wo nìyẹn, ó ní èyí máa yọ́ fúnra ẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Mo rò ó: aṣọ tó bá lè tú fúnra ẹ̀, oníbàárà á máa padà wá. Mo bi í bóyá wọ́n ń tà á. Kókó tó kàn ló ń ta.

Kò yọ èèkàn. Ó ní ká wò ó ná. Ó ní kí eyín wà níta títí èrìgì á fi san.

Àkọ́bí mi, àwọn oṣù yẹn ni mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́ ohùn mi. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, ọwọ́ mi fúnra ẹ̀ gbéra lórí ẹ̀rọ, ó lọ bo ẹnu mi. Mi ò rán an níṣẹ́. Ó dà bí ẹni pé gbogbo ọdún tí mo ti fi eyín rẹ́rìn-ín, ó kàn jókòó sílé, ó ń dúró de iṣẹ́ ẹ̀ ni. Mi ò mọ ohun tí mo lè kọ sí ẹ lọ́jọ́ yẹn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó tún ya fọ́tò. Egungun tó lọ ò padà wá. Ṣùgbọ́n ìyókù ò lọ mọ́. Ó tẹ èrìgì, kò ṣẹ̀jẹ̀. Ó dán etí eyín tó kán, ó gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà, ó fún nọ́ọ̀tì. Mo ní, "Ṣé ó ti tán báyìí?" Ó ní òun ò lè ṣèlérí. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni kí n máa wá. Tí egungun bá tún sún, èèkàn máa lọ. Mo gbà fún un. Èmi náà, mo ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ tí wọn kì í ti í ṣèlérí ọjọ́.

Ní ti ẹ̀bi, mo ti pín in. Ọlọ́wọ́ múlọ́múlọ́ gba tiẹ̀, ó fẹ̀yìn tì láìdágbére. Ìwọ gba tìẹ. Ẹ wo aránṣọ lójú, ẹ ní kó fi òwú fọ eyín, ẹ fún un ní òwú, ẹ ò fún un ní ìdí. Tẹ́nì kan bá sọ fún mi pé irin yẹn máa ń bó òwú, ṣé màá kì í bọ ibẹ̀? Ta ló mọ òwú tó ń bó jù mí lọ? Nígbà tí mo pín ẹ̀bi náà tán, ó ku díẹ̀ tí kò rí ẹni gbà á. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ọmọ náà ní kò sí òwú kankan mọ́ lábẹ́ eyín yẹn, tèmi tàbí tìẹ. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré ló fún mi, onírun yíká, bí èyí tí mo fi ń gbọn ìdọ̀tí inú ẹ̀rọ ìránṣọ gan-an. Mo ní mo ní ọ̀kan nínú dúrọ́ọ̀. Ó wò mí. Mo ní eré ni. Mo sì ti fi ríbọ́ọ̀nù so sísọ́ọ̀sì mọ́ ọrùn, kó lọ sùn kí n rí i.

Torí náà, má fi òwú eyín ránṣẹ́ nítorí eyín mọ́. Nítorí bọ́tìnnì, fi púpọ̀ ránṣẹ́. Ẹ ti mú kó mọ́ àwọn oníbàárà mi lára, mi ò lè padà sẹ́yìn.

Bàbá ẹ kí ẹ. Lánàá mo rí ìrọ̀rí ẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Mo ní, "Atẹ́gùn fèrèsé ńkọ́?"

Ó wò mí lójú. Ó ní, "Ó ti yí padà."

Ìyá ẹ,
Màmá Eléyín Funfun.